Omi Inú Bọ́ọ̀lù Gíláàsì Màmá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹnì kan bá wà láàárín yín tó ń wá ọmọ lójú méjèèjì, kó fara balẹ̀ gbọ́ ti Hàmdálàt. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní kí n má fi iyọ̀ sí i, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó.

Kabba níbí ló ti ṣẹlẹ̀, nílé Bìláàlì ọkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù gíláàsì kan wà tí wọ́n fi àwọ̀n okùn dì, tí wọ́n gbé kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá Bìláàlì. Ó tó orí ọmọ kékeré. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Sùlèímánì, bàbá Bìláàlì tó ti dolóògbé, ló gbé e bọ̀ láti etí òkun, nígbà tó ń bá àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ ńlá ṣiṣẹ́, kó tó padà wálé wá dáko. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń so mọ́ àwọ̀n kí àwọ̀n má baà rì.

Omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò ní ihò, kò ní ìdérí, síbẹ̀ omi wà níbẹ̀. Bí o bá mì í, wàá gbọ́ ọ: ṣọ̀ṣọ̀, ṣọ̀ṣọ̀.

Ojú Màmá, ìyá Bìláàlì, ti lọ. Etí ló kù fún un. Ùsámà ni àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Bìláàlì, ẹni tó gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà pé òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Yúróòpù. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó gbé bọ́ọ̀lù náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ mì í."

Màmá mì í.

"Ṣé ẹ gbọ́? Òkun gbé eléyìí mì, ó tún bì í. Omi wọ inú rẹ̀, kò rì. Tí ẹ bá ṣì ń gbọ́ omi yìí, kí ẹ mọ̀ pé èmi náà ò tíì rì."

Ó fi fóònù ẹlòmíì pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan láti etí òkun Líbíyà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

Bí Màmá bá ti kírun àsùbá tán, ohun tó ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: "Ìyàwó, gbé ọmọ mi sọ̀kalẹ̀ fún mi."

Hàmdálàt á gun àpótí, á gbé bọ́ọ̀lù náà sọ̀kalẹ̀. Màmá á mì í sétí. Omi á dún. Màmá á ní, "Àlùhámúdù lílàhì," ìgbà yẹn ni kókó àárọ̀ rẹ̀, ògì gbígbóná, tó lè gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

Ohun tó gbé ìyá yẹn dúró láyé nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Hàmdálàt. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò rí oyún rí. Kò sí àgbo tí kò mu, kò sí dókítà tí kò rí. Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe é, kó ṣáà ní sùúrù. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ sùúrù ṣe máa ń rí létí ẹni tó ń wá ọmọ.

Àwọn ẹbí wá láti Ògìdì. Ìyá kan láàárín wọn, àbúrò Màmá, fi ojú wo gbogbo ilé.

"Bìláàlì, ilé rẹ mà dákẹ́ o. Kódà ewúrẹ́ yín ń bímọ."

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Bìláàlì jókòó sẹ́bàá ìyàwó rẹ̀, ó ń fi ìka fa etí fìlà rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n fẹ́ Rùmáísà ọmọ àwọn ará ìsàlẹ̀ yẹn, tí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ bá ti parí."

"Kí lo wá sọ?"

"Mi ò tíì dá wọn lóhùn."

Hàmdálàt dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó bá ní òun ò tíì dáhùn, ó ti dáhùn nìyẹn.

Ó lọ sunkún lọ́dọ̀ Theresa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ. Theresa jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, ó wá bi í ní ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù ìyá ọkọ rẹ yẹn, níbo ni omi gbà wọ inú rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Kò sí ihò lára rẹ̀?"

"Kò sí."

Theresa gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Omi tó wọ ibi tí kò lẹ́nu ọ̀nà! Ìwọ ń kiri Kogi torí àgbo, omi tó mọ ọ̀nà ń mì lókè orí rẹ láràárọ̀."

"Theresa, má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ Màmá ló wà níbẹ̀."

"Ọmọ Màmá wà ní Líbíyà. Tìẹ dà?"

Ọ̀rọ̀ náà bá a wọlé. Ó bá a jókòó ti oúnjẹ.

Láràárọ̀ tó bá ti gbé bọ́ọ̀lù náà sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ á lọ sí ìdí rẹ̀. Kókó gíláàsì kan wà níbẹ̀, níbi tí àwọn tó ṣe é ti dí i pa. Ó rí rogodo, ó yọ díẹ̀ síta, bí ìdodo ọmọ tuntun. Hàmdálàt á fi àtàǹpàkò rẹ̀ pa á.

"Ìyàwó, kí lò ń ṣe?"

"Eruku ni mò ń nù, Màmá."

Ó ti gbèrò rẹ̀ tán. Ìdodo yẹn lòun máa fi ìṣó lu, òun á da omi inú rẹ̀ sínú abọ́, òun á mu ún, òun á fi omi ẹ̀rọ dípò, òun á fi àbẹ́là dí i. Màmá kò ní mọ̀. Omi ni omi ń jẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bìláàlì gbé Màmá sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí mọ́sálásí. Hàmdálàt ní orí ń fọ́ òun. Bí ìró ọ̀kadà ti jìnnà tán, ó gbé bọ́ọ̀lù sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ àwọ̀n okùn kúrò lára rẹ̀, ó gbé e sínú abọ́ ńlá. Ó fi ẹnu ìṣó lé ìdodo. Ó ní, "Bísímílàhì." Ó fi òkúta gbá a jẹ́jẹ́.

Kò lu. Ó tún gbá a.

Pẹ́ẹ̀! Bọ́ọ̀lù náà fọ́ yángá bí ẹyin.

Ó wo abọ́. Omi náà kò kún ife kékeré, gíláàsì wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ń tàn nínú rẹ̀. Ẹlòmíì ì bá dà á nù. Ẹni tí ìyà àìrọ́mọbí ń jẹ kì í da nǹkan nù. Ó fi ìborí rẹ̀ sẹ́ ẹ, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán.

Iyọ̀ ni. Iyọ̀ tó korò, tó ń rùn bí agbada ẹja. Ó dé ọ̀fun rẹ̀, ó fẹ́ padà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà bì í.

Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ tó là. Ó ń wo àfọ́kù nílẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Hàmdálàt, kí lo ṣe yìí? Kí lo máa gbé sọ̀kalẹ̀ lọ́la?"

Ó kó àfọ́kù náà, ó sin ín sẹ́yìn balùwẹ̀. Ó di àwọ̀n okùn náà sínú aṣọ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá kírun tán. "Ìyàwó, gbé ọmọ mi sọ̀kalẹ̀."

"Màmá, okùn rẹ̀ ti fẹ́ já. Mò ń bẹ̀rù kó má jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n wá okùn mìíì ná."

"Ó dáa. Ṣé ó wà níbẹ̀ ṣá?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

Màmá gbé kókó rẹ̀ sílẹ̀ láìmu.

Hàmdálàt ti gbọ́ nípa bàbá kan ní Iyamoye, Ebenezer lorúkọ rẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté rí. Kò sóhun tí bàbá náà ń kó jọ ju bọ́ọ̀lù gíláàsì lọ, débi tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Onígíláàsì. Lọ́jọ́ náà gan-an, Hàmdálàt parọ́ pé òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá òun, ó wọ mọ́tò.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá náà kún bámúbámú. Aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ aró, aláwọ̀ oyin. Òòrùn ń gba inú wọn kọjá, ó ń kun ògiri.

"Òkun o, bàbá," ó kí i bí a ti ń kíra wa lágbègbè yìí.

"Òkun, ọmọ mi. Máa rọra tẹsẹ̀ o. Ìyàwó mi ní àwọn nǹkan yìí ni orogún òun, bó o bá fọ́ ọ̀kan, inú rẹ̀ á dùn jù."

Hàmdálàt nawọ́ sí ọ̀kan tó ń dán. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ti Kérésì nìyẹn. Èémí lásán lè fọ́ ọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti rà á, ti ọ̀ṣọ́ ni. Yí i wò. Ìdí rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́. Kò ní ìdodo."

Hàmdálàt gbójú sókè. "Ìdodo, bàbá?"

"Kí ni kí n pè é? Ògidì ti apẹja, ẹnu ni wọ́n fi fẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi gíláàsì yíyọ́ dí ibi tí wọ́n ti gé e. Wò ó níbí. Tún wo inú rẹ̀, wàá rí hóró afẹ́fẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́. Fi ọwọ́ pa ara rẹ̀. Ṣé ó ń ha ọ́ lọ́wọ́? Àwọ̀n àti òkun ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ti ọ̀ṣọ́ ò jìyà rí, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi ń dán."

"Bàbá, èyí tó ní omi nínú ni mò ń wá."

Ebenezer yọ awò ojú rẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé olómi wà?"

"Mo... mo kàn gbọ́ ni."

"Olómi ṣọ̀wọ́n bí ojú. Èyí tí àwọ̀n bá fà lọ sísàlẹ̀ jìn-ìn-jìn nìkan ni omi òkun ń fi tipá wọ̀. Tí mo bá ní in, ṣé màá gbé e síta? Tèmi gbẹ, gbogbo wọn. Èyí tó bá gbẹ, kò rì rí nìyẹn."

Hàmdálàt kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ohun tó gbọ́ ni pé kò sí olómi. Ó mú aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ hun fún un kúrò léjìká, ó fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó gba bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé kan, tó tó ti Màmá, tó ní ìdodo, tí ara rẹ̀ ń hani lọ́wọ́ bí ti Màmá. Nígbà tó délé, ó wọ àwọ̀n okùn àtijọ́ fún un, ó gbé e kọ́. Ẹni tó bá wò ó, á ní òun náà ni.

Àmọ́ Màmá kì í wò.

Bó ti ń wá àwáwí lónìí, ló ń wá a lọ́la. Okùn ò tíì dé. Àpótí tí òun ń gùn ti yẹ̀. Apá ń dun òun. Màmá ò jẹun gidi mọ́.

"Ìyàwó, okùn wo lò ń dúró dè? Ṣé òwú rẹ̀ lo lọ gbìn?"

Bìláàlì ló fòpin sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ìyá rẹ̀ tó na ọwọ́ méjèèjì sókè lábẹ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń wá bọ́ọ̀lù nínú afẹ́fẹ́. Inú bí i. Ó na ọwọ́, ó gbé e sọ̀kalẹ̀.

"Hàmdálàt! Okùn tó yi bí irin yìí lo ní ó ti fẹ́ já?"

"Dákun, má tíì..."

Ó ti bọ́. Màmá ti gbà á. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ọmọ-ọmọ. Ó gbé e sétí, ó mì í.

Kò dún.

Ó tún un mì. Ó yí i sí etí kejì.

"Bìláàlì, pa rédíò yẹn."

"Màmá, kò sí rédíò."

"Mì í fún mi."

Bìláàlì mì í. Ó mì í tagbáratagbára. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Omi ibẹ̀ ńkọ́?"

"Màmá... ó ti gbẹ."

Màmá kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tú ìborí rẹ̀. "Ìnná lílàhì," ló wí. "Ùsámà ti rì."

"Màmá, bọ́ọ̀lù lásán mà ni."

"Ta ló gbé e lé mi lọ́wọ́? Kí ló sọ fún mi? O wà níbẹ̀ àbí o ò sí níbẹ̀?"

Bìláàlì bú sẹ́kún.

Hàmdálàt dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó kún un lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ mìíì sì ń sọ nínú rẹ̀ pé, bí o bá jẹ́wọ́, ọ̀la ni Rùmáísà á wọlé, ìwọ á sì jáde. Ó gbé e mì. Èyí tó gbé mì lọ́jọ́ yẹn korò ju ti inú abọ́ lọ.

Àfáà dé. Màmá ní kó wá kírun òkú sí Ùsámà lára.

"Màmá, a ò rí òkú, a ò gbọ́ ìròyìn. Àdúà ni mo lè ṣe, mi ò lè kírun òkú sí i."

"Ìwọ ṣe èyí tó o lè ṣe. Èmi mọ ohun tí màá ṣe."

Ohun tó ṣe ni pé, ó ní kí wọ́n gbé àpótí aṣọ Ùsámà jáde, òun fẹ́ fi ṣe sàráà. Àpótí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti lọ. Àwọn ará Ògìdì dé. Àwọn aládùúgbò kún àgbàlá. Màmá jókòó sórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ mọ aṣọ kọ̀ọ̀kan.

"Èyí, kaftan ọdún ni. Bìláàlì, gbà. Èyí, ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ sóko, ọrùn rẹ̀ ti ya. Àfáà, ẹ fún aláìní. Bàtà rẹ̀ dà? Ta ni bàtà bá lẹ́sẹ̀ mu?"

Ọkùnrin ará Ògìdì kan bá wọ bàtà náà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Àpótí ti fẹ́ẹ̀ ṣófo. Màmá na ọwọ́ dé ìsàlẹ̀, ó fa nǹkan kékeré kan yọ. Fìlà ọmọ ọwọ́ ni.

"Ìyàwó dà?"

"Màmá, mo wà níbí."

"Sún mọ́ mi. Èyí ló dé lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò ní fún ẹlòmíì. Tìẹ ni. Ọmọ tí Ọlọ́run máa fún ọ, kó dé fìlà Ùsámà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Hàmdálàt wólẹ̀ sórí ẹní.

"Màmá, ẹ má pín in mọ́! Ùsámà ò rì! Ẹ dákun, ẹ má pín in mọ́!"

"Kí lò ń wí?"

"Bọ́ọ̀lù yẹn kọ́! Èmi ni mo fọ́ tiyín. Èmi ni mo mu omi rẹ̀. Mo rò pé á fún mi lọ́mọ. Iyamoye ni mo ti gbé eléyìí wá. Omi ò gbẹ, Màmá, mo mu ún ni!"

Ohùn àbúrò Màmá ló kọ́kọ́ jáde: "Haa! Ó mu ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ!" Bìláàlì gbéra, Àfáà di apá rẹ̀ mú. Theresa wà láàárín èrò. Ó fi gèlè bojú, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ.

"Ẹ dákẹ́," Màmá wí. Wọ́n dákẹ́. "O mu ún?"

"Mo mu ún, Màmá."

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

"Iyọ̀ ni. Ó korò. Ó rùn bí ẹja."

"Á jẹ́ pé omi òkun ni."

"Omi òkun ni, Màmá."

Màmá mí kanlẹ̀. Ó wá na ọwọ́ síwájú.

"Ẹ kó aṣọ ọmọ mi padà fún mi. Gbogbo rẹ̀. Ìwọ tó o ti wọ bàtà yẹn, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ, bọ́ ọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú omijé. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ibi tí ohùn Hàmdálàt ti wá.

"Omi tó o mu, ìyẹn ò dùn mí púpọ̀. Èmi náà wá ọmọ rí. Ṣùgbọ́n o jókòó níbí, o ń wò mí tí mò ń pín aṣọ ọmọ mi tó wà láàyè, o dákẹ́ títí mo fi dé orí fìlà. Ìyẹn ni mi ò tíì mọ bí màá ṣe dárí ẹ̀ jì ọ́."

Mi ò ní parọ́ fún yín. Bìláàlì ò lé e jáde, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ààwẹ̀, ó fẹ́ Rùmáísà. Omi tí Hàmdálàt mu kò bí nǹkan kan ju inú rírun lọ. A kò sì tíì gbúròó Ùsámà títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ohun tí ẹlòmíì fi ń mí, bó ti wù kí ó kéré lójú yín, ẹ má fi wá tiyín. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ yáa jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣí àpótí.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Màmá kì í bá Hàmdálàt sọ̀rọ̀. Láràárọ̀, tó bá kírun tán, á gbé bọ́ọ̀lù gbígbẹ náà lé itan, á dákẹ́. Kókó rẹ̀ á dì nínú ife. Ó ń rù. Gbogbo ilé rí i pé ó ń lọ.

Hàmdálàt ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí ọ̀rọ̀ Ebenezer sọ sí i lọ́kàn. Ó ju ọwọ̀ sílẹ̀. Ó pọn omi kún agbada, ó gbé e síwájú Màmá, ó sì kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ máà dá mi lóhùn. Ẹ ṣáà fún mi lọ́wọ́ yín."

Ó gba bọ́ọ̀lù náà, ó gbé e sójú omi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ Màmá lé e lórí.

"Bàbá tó fún mi ní eléyìí sọ pé èyí tó bá gbẹ kò rì rí. Ẹ tì í sísàlẹ̀."

Màmá tì í. Bọ́ọ̀lù náà wọ inú omi, ó sì fò sókè, ó bá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Màmá tún tì í, ó fi agbára sí i. Ó tún bọ̀ sókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi ń ta sí i láṣọ. Bó ti dẹwọ́ báyìí, bọ́ọ̀lù ti wà lókè.

Màmá nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀.

"Omi yìí tutù jù," ló wí. "Lọ́la, fi gbígbóná díẹ̀ sí i. Kó o sì gbé e dé kí n tó kírun tán."

Ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá ife kókó rẹ̀.